Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó kọ̀ tí ò ṣí, àti èyí tó kọ̀ tí ò tì

Ìbéèrè: Mo fa ọwọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kò dún, kò sì mira. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì wá irin tẹ́ ẹ máa fi wú u. Ẹ tún ọwọ́ náà fà, kẹ́ ẹ fara balẹ̀ mọ bó ṣe rí lọ́wọ́ yín. Bó bá fúyẹ́ jù, tó kàn ń lọ síwájú sẹ́yìn, wáyà ti já tàbí orí rẹ̀ ti yọ kúrò níbi tó há sí. Bó bá le kokooko, ìpẹtà ti mú wáyà nínú rọ́bà tó wọ̀, tàbí kí ìdọ̀tí ti dí lọ́ọ̀kì iwájú. Bó bá sì fà bó ṣe máa ń fà, àmọ́ tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ò gbéra, a jẹ́ pé wáyà ti dẹ̀, kò fa lọ́ọ̀kì dé òpin mọ́.

Tó bá le tàbí tí wáyà dẹ̀, ẹni méjì ló máa ṣe é. Ẹnì kan á fa ọwọ́ yẹn, kò sì ní jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹnì kejì á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ níwájú, lókè ibi tí lọ́ọ̀kì wà gan-an, á sì tú u sílẹ̀. Irin ìkọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló fún mọ́ ẹnu lọ́ọ̀kì. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó máa dẹ̀, lọ́ọ̀kì á sì ráyè yí. Ẹ má tẹ àárín o. Páànù ibẹ̀ fẹ́lẹ́, á tẹ̀ wọnú, owó páńẹ́lì-bítà á wá wọ̀ ọ́.

Ìbéèrè: Ó gbéra díẹ̀, àmọ́ ó dúró síbẹ̀.

Ìdáhùn: Ìkọ́ kejì ló mú un, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Òun ni ò ní jẹ́ kí atẹ́gùn gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì lu gíláàsì iwájú bí lọ́ọ̀kì bá tú lójú ọ̀nà. Láti 1969 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń ṣí láti iwájú, tó sì lè dí awakọ̀ lójú, ní ìdè kejì. Ẹ ti ìka bọ abẹ́ etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ìkọ́ náà: ti ọkọ̀ mìíràn ń lọ sókè, ti òmíràn ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìbéèrè: Tó bá wá jẹ́ pé wáyà ti já ńkọ́?

Ìdáhùn: Bó bá jẹ́ ọwọ́ oníke ló kán, ìyẹn rọrùn: ẹ fi píláyà di orí wáyà mú, ẹ fà á. Bó bá jẹ́ wáyà fúnra rẹ̀ ló já lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́, èyí tó kù lè gùn tó èyí tí píláyà máa rí dì mú. Bó bá já síwájú, ó di kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú gíríìlì, kẹ́ ẹ wá ibi tí wáyà ti so mọ́ lọ́ọ̀kì, kẹ́ ẹ sì fi sukudiráfà gígùn ti irin kékeré ibẹ̀ síhà tí wáyà ń fà á sí. Ọkọ̀ tí gíríìlì rẹ̀ dí pa, abẹ́ la ti ń dé e. Kí ẹ́ńjìnnì tutù ná, kẹ́ ẹ sì yọ kọ́kọ́rọ́, torí fáànù rẹdiétọ̀ ọkọ̀ mìíràn máa ń dédé yí lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì. Jáàkì nìkan ò tó fún ẹni tó ń wọ abẹ́ ọkọ̀. Tó bá ti ṣí, ẹ má pa á dé títí wáyà tuntun á fi wọlé.

Àwọn kan máa ń so okùn mọ́ lọ́ọ̀kì, wọ́n á fi orí rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn bọ́ńpà nítorí ọjọ́ mìíràn. Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ jí bátìrì náà lè rí i, èmi ò ní ṣe é sí tèmi.

Ìbéèrè: Ó ń ṣí dáadáa, àmọ́ bí mo ṣe ń pa á dé ló ń ta padà.

Ìdáhùn: Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbá a títí tí nǹkan fi bàjẹ́. Ẹ wo ọwọ́ inú ọkọ̀ ná: ṣé ó padà sáyè rẹ̀? Bí ò bá padà, lọ́ọ̀kì ṣì wà ní ṣíṣí, kò lè di nǹkan kan mú.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lókè, ẹ fi ọ̀pá sukudiráfà tẹ ẹnu lọ́ọ̀kì wálẹ̀ bí ìgbà tí irin ìkọ́ bá bọ́ sínú rẹ̀. Ó yẹ kó dún "kà", kó sì dì í mú gírígírí. Ẹ wá ní kẹ́nì kan fa ọwọ́. Ó yẹ kó tú sukudiráfà sílẹ̀ kíá. Ẹ má gbàgbé ìfà yìí o: tẹ́ ẹ bá fi lọ́ọ̀kì sílẹ̀ ní títì, tẹ́ ẹ wá ju bọ́nẹ́ẹ̀tì lé e, irin á kọlu irin.

Bí kò bá dún, tàbí tó ń fà wọ́lọ́wọ́lọ́, girísì àtijọ́ àti iyanrìn ló ti di ẹrẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fọ́n WD-40, òróró inú agolo tó ń tú ohun tó ti gan, sí i, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, ẹ máa tì í kẹ́ ẹ máa tú u títí tó fi máa fúyẹ́, ẹ nù ún, kẹ́ ẹ wá fi girísì tuntun kùn ún. WD-40 nìkan kì í pẹ́ gbẹ. Ẹ wo sípíríǹgì náà. Ó lè ti yọ.

Bí lọ́ọ̀kì bá yege, ẹjọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni kò bọ́ sójú ibi tó yẹ, èyí tó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ tó ti gbá nǹkan rí. Ẹ kun girísì díẹ̀ sórí irin ìkọ́, ẹ rọra sọ bọ́nẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ wo ibi tí girísì ti kan lọ́ọ̀kì. Bó bá wà lápá kan, ẹ fi máákà fa ìlà yí lọ́ọ̀kì ká, ẹ dẹ bóòtù rẹ̀, ẹ sún un díẹ̀díẹ̀, mílímítà kan lẹ́ẹ̀kan. Àwọn rọ́bà tí etí bọ́nẹ́ẹ̀tì ń jókòó lé náà ṣeé yí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bí wọ́n bá ga jù, kò ní lè wálẹ̀ dé lọ́ọ̀kì.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè máa wà á bẹ́ẹ̀ ná?

Ìdáhùn: Bó bá jẹ́ ìkọ́ kejì nìkan ló dì í mú, rárá. Bó bá ṣí lójú eré, ẹ di sítíárìn mú, ẹ má gbá bíréèkì mọ́lẹ̀ lójijì. Ẹ tẹrí ba, ẹ wo ojú ọ̀nà láti àlàfo tó máa ń wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ rọra bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìbéèrè: Ó ti tì pinpin, àmọ́ iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń sọ pé ó ṣí.

Ìdáhùn: Súìṣì kékeré ara lọ́ọ̀kì ni. Ẹ nu ojú rẹ̀, ẹ wo wáyà iná rẹ̀ bóyá ó ti yọ. Òun náà ló lè máa mú kí àláàmù ọkọ̀ dédé ké lóru.