Eyín Iwájú Ọmọ Mi Jáde Tòun Ti Gbòǹgbò, Wọ́n Ní Kí N Lọ Gba Risíìtì

Owó tí mo ná sórí eyín kan ṣoṣo yìí ò dùn mí tó àkókò tí wọ́n fi ṣòfò níbi ìsanwó. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 8, ń gbá bọ́ọ̀lù nílé ìwé, ló bá fẹnu gbá sìmẹ́ǹtì, eyín iwájú lókè sì yọ dànù. Mo gun ọ̀kadà láti Ọjà Ọba dé Ọ̀dà Road, mo bá eyín náà nínú tíṣù, ó ti ń gbẹ, tíṣà kan tún ń sọ pé ká jù ú sórí òrùlé kí alángbá má rí i. Inú bí mi gan-an! Eyín tó kọ́kọ́ hù ni wọ́n ń jù sórí òrùlé, eléyìí ti eyín àgbà ni, òmíràn ò ní hù mọ́.

Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ti sọ fún mi rí pé orí eyín la máa ń dì mú, a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan gbòǹgbò, ká sì fi sínú mílíìkì. Mílíìkì tútù wo ló wà ní sọ́ọ̀bù ibẹ̀, gbogbo ẹ̀ oníyẹ̀fun inú sáṣẹ́ẹ̀tì ni, mo bá ní kọ́mọ tutọ́ sínú ife, mo fi eyín sí i. Inú mi dùn sí ìyẹn títí dòní.

A dé ọsibítù, wọ́n ní ká gba káàdì. Ẹni tó ń kọ káàdì ń bi mí ní ẹ̀sìn, iṣẹ́ bàbá ọmọ, ìlú bàbá ọmọ, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sí ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ mi. Ó parí, ó ní kí n lọ sanwó. Ẹni tó ń gbowó ní àwọn ò gba kéèṣì, POS nìkan, POS ò sì rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ń yí, ó ń yí, ó já. Mo ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, eyín yìí ń kú lọ." Ó ní "Mọ́mì, ẹ ní sùúrù, gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà náà ló ń ṣàìsàn." Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún já. Mo bínú kúrò lórí ìlà, mo di ọmọ lọ́wọ́ mú, ife lọ́wọ́ kejì, mo wọlé tààrà lọ bá àwọn dókítà eyín. Èyí tó rí ife náà ò béèrè risíìtì, ó ní ká jókòó.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi omi dúríìpù ṣan eyín náà, wọ́n tì í padà, wọ́n fi wáyà so ó mọ́ àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2. Dókítà ní ẹran tín-ín-rín kan wà lára gbòǹgbò, tó bá gbẹ tó bíi wákàtí kan níta ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, omi ẹ̀rọ náà máa ń bà á jẹ́ téèyàn bá rẹ ẹ́ sínú ẹ̀. Ó tún ní ká ní ọmọ náà gbà ni, mi ò bá ti tì í padà fúnra mi níbi tó ti ṣubú, ìyẹn ló dáa jù. Àmọ́ tó bá jẹ́ eyín àkọ́kọ́ ni, ẹ má tì í padà o, ó lè ṣe eyín àgbà tó wà lábẹ́ ẹ̀ léṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ, tírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí ẹnì kan wà lórí ìlà owó, kí ẹlòmíì gbé ọmọ lọ bá dókítà. Wáyà ti kúrò báyìí, eyín dúró dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ní ká máa padà wá ya X-ray torí nǹkan lè máa jẹ gbòǹgbò ẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀, owó X-ray yẹn náà, POS yẹn náà la máa fi san án.