Bí A Ṣe Ń Lo Jẹnẹrétọ̀ Nílé Nígbà Tí Iná Bá Lọ

Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, láti Ìlódè dé Mọ̀ọ̀rè, bí NEPA bá ti mú iná báyìí, ìró jẹnẹrétọ̀ ló kù tí à ń gbọ́. Kí ẹ tó fa okùn tiyín, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ gbé e sí.

Ìta gbangba ni àyè rẹ̀. Ẹ má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ má gbé e sí ilé ìdáná. Ó kéré tán, kó jìnnà sílé tó mítà 6, kí ibi tí èéfín ń gbà jáde má sì kọjú sí fèrèsé yín tàbí ti aládùúgbò. Gáàsì kan wà nínú èéfín náà, carbon monoxide lorúkọ rẹ̀. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, òun ló sì ń gba ipò oxygen nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ń sùn lè má jí mọ́. Fèrèsé ṣíṣí kò ràn án. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tí èébì sì ń gbé yín, gbogbo ilé ni kó jáde síta kíá, kí ẹ sì forí lé ilé ìwòsàn. Mo bẹ yín, ẹ pa á kẹ́ ẹ tó sùn. Bí àgbàlá yín bá há, tí ẹ ò ráyè tó jìnnà, ẹ fi iná alágbàṣájì ṣe é mọ́jú.

Ẹ wo ọ́ìlì, ẹ bu epo sí i nígbà tó tutù, ẹ fa ṣóòkù, ìyẹn ọwọ́ kékeré tó ń dín afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì kù, kí ẹ tó fa okùn. Bó bá ti ń dún dáadáa, ẹ dá ṣóòkù padà, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lásán fún ìṣẹ́jú 2 sí 3 kí ẹ tó gbé iná kà á lórí. Firíìjì ni kí ẹ kọ́kọ́ tan, torí agbára tó fi ń gbéra pọ̀ ju èyí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ dáadáa. Áyọ́ọ̀nù nìkan lè jẹ wọ́ọ̀tì 1,000. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè rù ú.

Ẹ má fi waya tó ní púlọ́ọ̀gì lẹ́nu méjèèjì ki iná bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri láéláé. Iná náà yóò padà sójú òpó, tàràǹsífọ́mà yóò sọ ọ́ di ńlá, yóò sì pa ọmọ ọlọ́mọ tó ń tún waya ṣe lókè. Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná bá yín fi changeover sí i, ìyẹn súìṣì tó ń ya iná NEPA sọ́tọ̀ kúrò lára ti jẹnẹrétọ̀.

Bí epo bá tán, ẹ pa á, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú 15 kó tutù, kí ẹ tó bu òmíràn sí i. Kẹ́ẹ̀gì epo kò gbọdọ̀ sun yàrá.