Bàtà bọ́ọ̀lù tó lanu: bí mo ṣe lẹ̀ ẹ́ kí Sátidé tó dé
Túsìdé ni imú bàtà lanu. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ di Sátidé. Gọ́ọ̀mù tí mo kọ́kọ́ fi lẹ̀ ẹ́ ṣí kíá, torí erùpẹ̀ pupa Àkúrẹ́ àti ọ̀rinrin ṣì wà nínú rẹ̀. Gọ́ọ̀mù kì í di eruku mú.

Èyí ló ṣiṣẹ́. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ẹnu rẹ̀, mo gbé e síbi òjìji di ọjọ́ kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá a sóòrùn: ooru ló ń mú kí ìsàlẹ̀ bàtà ká kúrò lára awọ. Mo fi sáńpépà ha ojú méjèèjì tó máa lẹ̀ mọ́ra, ti ìsàlẹ̀ bàtà àti ti awọ, títí dídán wọn fi lọ, mo wá fi gọ́ọ̀mù àwọn aránbàtà, irú èyí tí wọ́n ń tà l'Ọ́jà Ọba, ra ojú méjèèjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí: wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ dúró ní ìṣẹ́jú 10 sí 15, títí tẹ́ ẹ bá fìka kàn án tí kò ní fà bí ilá mọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra gírígírí, ẹ fi okùn dì í, kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24.

Ní Fúráìdé, aránbàtà fi òwú tó nípọn rán imú rẹ̀ yíká. Iwájú bàtà máa ń ká tí èèyàn bá ń sáré. Gọ́ọ̀mù nìkan kò lè gbà á.