Bí a ṣe ń fi iná bátìrì ti oògùn ìrora gba inú awọ wọlé

Igbọ̀nwọ́ àwọn ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ kì í sinmi. Ẹni tó ń gé ẹja láti àárọ̀ dé ọ̀sán, tó tún ń gbé báàsìn, kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ̀gbẹ́ igbọ̀nwọ́ ń ro òun, pé òun ò lè fún aṣọ mọ́. Àwọn tó ń dúró lórí sìmẹ́ńtì ń ráhùn gìgísẹ̀. Ọ̀kan nínú ìtọ́jú tí fisiotẹ́rapísì lè ṣe fún irú ìrora bẹ́ẹ̀ láì gún abẹ́rẹ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní iontophoresis: iná díẹ̀ láti inú bátìrì ló máa ti oògùn gba inú awọ wọlé. Páàdì méjì tí wáyà so mọ́ ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara, ọ̀kan pọ́sítíìfù (+), èkejì nẹ́gátíìfù (−); ọ̀kan nínú wọn ló ń gbé oògùn. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ tó sì ní ìwé àṣẹ ló yẹ kó ṣe é, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ oògùn. Àmọ́ ó yẹ kí ẹni tí wọ́n ń tọ́jú àti ẹni tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ bó ṣe ń lọ, torí awọ aláìsàn ló máa jóná bí wọ́n bá ṣì í ṣe.

Oògùn tí kì í di pọ́sítíìfù tàbí nẹ́gátíìfù nínú omi, iná ò lè tì í. Èyí tó bá di nẹ́gátíìfù, páàdì nẹ́gátíìfù ló máa lé e wọlé, torí irú kan náà kì í gba ara wọn láyè. Èyí tó bá di pọ́sítíìfù, páàdì pọ́sítíìfù ni. Dexamethasone sodium phosphate, tó ń gbógun ti wíwú, jẹ́ nẹ́gátíìfù. Lidocaine hydrochloride, tó ń mú ara kú, jẹ́ pọ́sítíìfù. Bí ẹ bá gbé dexamethasone sórí pọ́sítíìfù, ogún ìṣẹ́jú á kọjá, ara á máa ta, ẹ̀rọ á máa kà, oògùn ò sì ní kúrò lórí páàdì. Lójú tiwa, àṣìṣe yìí ló burú jù, torí kì í hàn: awọ á pọ́n bákan náà. Nítorí náà, ẹ wo àmì + àti − lára ẹ̀rọ, ẹ má gbára lé àwọ̀ wáyà. Ẹ má sì po oògùn méjèèjì pọ̀ sórí páàdì kan, torí ọ̀tọ̀ ni páàdì tó ń ti oníkálukú wọn.

Ẹ ka ara ìgò dexamethasone olómi tí wọ́n ṣe fún abẹ́rẹ́. “Sodium phosphate” gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, 4 mg nínú mílílítà kan ló sì wọ́pọ̀. Àwọn kan máa ń lọ hóró dexamethasone kúnná kí wọ́n fi omi pò ó. Kò ní ṣiṣẹ́, torí oògùn inú hóró kì í yọ́ dáadáa nínú omi, iná ò sì rí i tì. Robb àti Aboniki ńkọ́? Ọ̀rá ni wọ́n, iná kì í gba inú ọ̀rá kọjá.

Ẹ̀rọ TENS, ẹ̀rọ iná kékeré tí wọ́n ń tà káàkiri fún ìrora, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Iná rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ohun tó bá tì síwájú, á tún fà á padà. Ó lè dín ìrora kù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gbé oògùn. Ẹ má sì so bátìrì 9V mọ́ páàdì ní tààràtà, ká má tíì sọ ṣájà fóònù tàbí iná NEPA. Bí iná bá ti ń gba awọ kọjá, agbára tí awọ fi ń dí i lọ́nà á máa dín kù, iná tó ń wọlé á wá máa pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Ojúlówó ẹ̀rọ mọ èyí, ó máa ń dín fólítéèjì kù kí mA, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń gba ara kọjá, má bàa yí padà. Wáyà lásán ò mọ nǹkan kan.

Ẹ má ṣe é fún aboyún, fún ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí láyà kí ọkàn rẹ̀ lè máa lù déédé, fún ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba oògùn náà, tàbí níbi tí irin tí wọ́n fi to egungun wà lábẹ́ awọ. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ ná, torí dexamethasone lè gbé ṣúgà sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè ti kú tí kò fi ní mọ̀ pé ó ń jóná. Ẹ dán an wò: kó di ojú, ẹ fi òwú kàn án níbi tí páàdì máa wà, kó sọ ìgbà tí ẹ kàn án. Bí kò bá mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ara ẹni tó ti ọjà dé kún fún òógùn, ìpẹ́ àti epo ẹja yíyan, ọ̀pọ̀ sì ti fi òrí tàbí àdí para láàárọ̀. Ọ̀rá yẹn á dí ojú ibì kan, iná á wá kóra jọ sí ibi tí kò sí ọ̀rá, ibẹ̀ ló máa jó. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi sípírítì nù ún, kó gbẹ pátápátá. Ẹ má fi abẹ fá irun ibẹ̀. Ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ tí abẹ ń dá sílẹ̀ ni iná máa ń sáré gbà. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sín gbẹ́rẹ́ sí igbọ̀nwọ́ náà, ẹ dúró kó jinná, bẹ́ẹ̀ náà ni egbò àti ibi tó ń yún tó ti họ. Ní ti gìgísẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó rọ̀ ni kí ẹ gbé páàdì sí, ẹ má gbé e sórí awọ tó ti le.

Iye oògùn tí páàdì ń gbà wà lára ọ̀rá tí wọ́n fi dì í, bíi 1.5 sí 2.5 ml. Ẹ fi síríǹjì wọ̀n ọ́n. Bó bá pọ̀ jù, á ṣàn dé ibi tó ń lẹ̀ mọ́ ara, iná á sì gba etí lọ. Bó bá kéré, ojú gbígbẹ á wà, ibi tó tutù á gba gbogbo iná. Bí oògùn kò bá tó, ẹ má fi omi kànga tàbí omi iyọ̀ lé e. Iyọ̀ náà á máa du ọ̀nà pẹ̀lú oògùn, òun ló sì máa tètè wọlé torí ó kéré. Páàdì kejì tí kò ní oògùn, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ní ẹran lápá kan náà, 10 sí 15 cm sí èkíní. Ẹ má jẹ́ kí iná gba àyà tàbí orí kọjá.

Ẹ máa fi iye mA sọ iye ìṣẹ́jú di púpọ̀ láti mọ ìwọ̀n ìtọ́jú. 40 ló wọ́pọ̀, àwọn kan ń gbé e dé 80. 2 mA fún ìṣẹ́jú 20 jẹ́ 40. 4 mA fún ìṣẹ́jú 10 náà jẹ́ 40. Ti àkọ́kọ́ la fara mọ́, torí nẹ́gátíìfù máa ń sọ abẹ́ páàdì di ohun tó ń jẹ awọ, kò sì yẹ kó kọjá 0.5 mA lórí cm² kan. Pọ́sítíìfù lè dé 1 mA. Ẹ ṣírò rẹ̀: páàdì nẹ́gátíìfù 2 cm sí 3 cm jẹ́ 6 cm², òpin rẹ̀ ni 3 mA. Ẹni tó bá tan 4 mA sí i ti kọjá àlà.

Kí aláìsàn bọ́ ẹ̀gbà àti òrùka. Ẹ tan ẹ̀rọ láti òdo, ẹ gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ láàárín bí ìdajì ìṣẹ́jú. Á máa ta wìnniwìnni bí ìgbà tí èèrùn ń rìn lára. Bó bá ń jó tàbí ó ń gún ní ojú kan, ẹ dá a padà sí òdo, ẹ ṣí i wò. Kó má fara lé páàdì, ẹ má sì dì í mọ́ra. Títẹ̀ máa ń fún oògùn jáde, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í dé ibẹ̀ dáadáa. Ẹ béèrè bó ṣe rí lára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Bí àkókò bá pé, ó di òdo kí ẹ tó yọ páàdì. Ẹni tó bá yọ ọ́ nígbà tí iná ṣì wà, á gbọ̀n án. Lidocaine gba ìṣọ́ra ju èyí lọ, torí ara á ti kú kó tó mọ̀ pé ó ń jóná.

Páàdì, ẹ̀ẹ̀kan ni lílò rẹ̀. Ẹ má fọ̀ ọ́ sá nítorí owó.

Awọ abẹ́ páàdì méjèèjì lè pọ́n fún wákàtí mélòó kan, nígbà míì títí di ọjọ́ kejì. Lára ẹni dúdú, pípọ́n lè má hàn. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná tàbí ó wú. Kó má fi kànrìnkàn ha ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ fi àyè ọjọ́ kan sílẹ̀ kí ẹ tó tún un ṣe, kó sì máa ṣe eré ìmárale tí fisio fún un lọ, torí oògùn kì í fún iṣan lágbára. Ìṣòro tó wà nítòsí awọ nìkan ló ń dé. Kò lè dé inú ìbàdí. Bí a bá ti ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹfà tí ìrora ò yí padà, ẹ dá a dúró, kí dókítà tún yẹ apá náà wò.

Bí ìléròrò bá yọ, ẹ má tú u. Ẹ fi gọ́ọ̀sì mímọ́ bò ó, ẹ lọ sí ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Ẹ̀pẹ́, ẹ mú ọ̀rá páàdì àti ìgò oògùn dání kí wọ́n lè rí ohun tí ẹ lò.