Owó ń bọ́ sómi: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú bí ẹ̀ka èdè Yorùbá ṣe ń wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde àti àgbà olùkọ́ rẹ̀

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá kan ní yunifásítì ṣe ètò àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, ohun kan náà ni mo sì ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ yìí. Wọn á háyà gbọ̀ngàn, wọn á dá aṣọ ẹgbẹ́jọdá, wọn á ṣe àwọ́ọ̀dù onígíláàsì. Tí àríyá bá parí, wọn ò mọ nọ́ńbà fóònù ẹni tí wọ́n fún ní àwọ́ọ̀dù. Ó ń dùn mí, torí owó tí ẹ̀ka ní kò tó nǹkan rárá. Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹ má ṣe báyìí.

1. Ẹ má fi owó ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó ti jáde tipẹ́, tí ẹ kò kí rí, ẹ déédéé kọ̀wé sí i pé kó wá dá owó òrùlé. Kò ní dáhùn, kò sì jẹ̀bi.

2. Ẹ má kọ lẹ́tà sí wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀ka Yorùbá ni wá. Ẹ fi àmì ohùn sí i pẹ̀lú, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wọn láti máa wò ó.

3. Orúkọ àti ọdún. Orúkọ bàbá ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi gboyè, orúkọ ọkọ ni wọ́n ń jẹ́ báyìí. Ìwé orúkọ tí kò ní àyè fún méjèèjì ti sọ ìdajì kíláàsì nù. Ọdún ìwọlé sì ni kí ẹ fi tò wọ́n, kì í ṣe ọdún ìjáde. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2020, àti èyí tó gba oṣù mẹ́jọ ní 2022, ti da ọdún ìjáde rú. Àwọn tó jọ wọlé ló mọ ara wọn.

4. Nọ́ńbà fóònù máa ń kú. Mo ti rí ìwé orúkọ tó jẹ́ nọ́ńbà NITEL, tẹlifóònù onílé ti ìjọba láyé àtijọ́, àti àpótí ìfìwéránṣẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ 2001 ni GSM ti dé. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí a so NIN mọ́ SIM, ọ̀pọ̀ láìnì ni wọ́n ti tì pa. Ẹ máa pè wọ́n lọ́dọọdún, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ọmọ tàbí àbúrò kan mọ́ ọn.

5. WhatsApp kì í ṣe ibi ìpamọ́. Ẹ má sì lẹ nọ́ńbà àwọn èèyàn káàkiri. Òfin ààbò ìsọfúnni ti wà láti 2023.

Ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló ká mi lára jù. Láti 2012 ni òfin ti fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láyè títí wọ́n fi máa pé 70 ọdún, nítorí náà àgbàlagbà pọ́nńbélé ni ẹni tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Mo pe bàbá kan nínú wọn. Kí n tó kí wọn tán, wọ́n ní, "Ta ló kú?" Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú o, bàbá." Wọ́n ní, "Ṣé owó ni ẹ fẹ́ kí n dá ni?" Látìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ìròyìn òkú àti owó dídá nìkan ni ẹ̀ka fi ń pè wọ́n. Ìjálá kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni mo fẹ́ béèrè. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí owó fi tán lórí fóònù mi.

Irú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà nílé àwọn olùkọ́ wọ̀nyí. Ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá, tó jáde ní 1966, wà ní yàrá ìkàwé, ẹni tó bá fẹ́ lè kà á. Àwọn olùkọ́ tí kò rí owó fi tẹ̀wé ni mò ń sọ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí abúlé, wọ́n gba rárà, ẹkún ìyàwó, ẹsẹ Ifá, kásẹ́ẹ̀tì náà sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí dòní. Ooru àti ọ̀rinrin kì í jẹ́ kí téèpù pẹ́: á bu, á lẹ̀ mọ́ra, ohùn á sì máa bó kúrò lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ kò ju "Ìjálá, kejì" lọ. Ta ló sun ún? Ìlú wo? Ṣé níbi òkú ọdẹ ni, àbí ọdún Ògún? Ẹni tó gbà á sílẹ̀ nìkan ló mọ̀. Tó bá lọ, ìdí rẹ̀ ti parun nìyẹn. Mo ti ra àkàrà tí wọ́n fi abala ìwé ìwádìí wé, tí àmì ohùn wà lórí rẹ̀ ketekete.

Ẹ rán ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó nílò iṣẹ́ àṣewádìí lọ bá wọn. Kó gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó ń ṣiṣẹ́ dání, kó gbà á sórí kọ̀ǹpútà ní WAV, irú fáìlì tí kì í gé ohùn kù, kì í ṣe MP3 nìkan, kí ẹ̀dà méjì wà níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kó jókòó ti bàbá tàbí màmá náà bí téèpù ṣe ń lọ, kó máa kọ orúkọ sílẹ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn lórí ìwé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má gbé ojúlówó lọ! Màmá kan kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan nǹkan wọn mọ́, nítorí ẹnì kan ti wá yá ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní orúkọ ẹ̀ka, kò sì dá a padà. A bẹ̀, a bẹ̀, wọn ò gbà.

Ẹ má pe ẹni ọgọ́rin ọdún sí ìpàdé lórí àjà kẹta. Ẹ fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ rántí àwọn tó ń kọ́ni ní Yorùbá l'Amẹ́ríkà: aago mẹ́wàá àárọ̀ n'Íbàdàn, ìdájí ni ní New York, aago mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Ìwé orúkọ náà, ọ́fíìsì ló ni ín, kì í ṣe olórí ẹ̀ka. Olórí ẹ̀ka á parí sáà rẹ̀, á gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sílé, ẹni tó gbapò á sì bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ wá akọ̀wé tó máa ń tẹ̀wé fún ẹ̀ka nígbà kan lọ. Ẹnikẹ́ni kì í pè é torí kì í ṣe olùkọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló tẹ pírọ́jẹ́ẹ̀tì àwọn èèyàn, ó mọ orúkọ bàbá wọn, ó mọ ẹni tó fẹ́ wọn àti ìlú tí wọ́n kó lọ. Ẹ fún un ní owó ọkọ̀, ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀.