Bí A Ṣe Dá Ìjọ Wa Sílẹ̀ ní Ṣómólú Láì Háyà Gbọ̀ngàn

Èmi ni akọ̀wé ìjọ wa, n kì í ṣe pásítọ̀. Nígbà tí a ń múra àtidá a sílẹ̀, ìwé, owó àti ibi ìjókòó ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́. Ẹ má retí ìtàn ìran tàbí àlá lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ àga àti rìsíìtì ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ìpàdé àdúrà la kọ́kọ́ jẹ́, ní pálọ̀ pásítọ̀ wa, títí tí àwọn èèyàn fi ń dúró dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di pé ká jáde, àwọn kan ní ká háyà gbọ̀ngàn lẹ́bàá títì Ìkòròdú, pé ibi tó bá jọjú ló ń fa èrò. Mi ò gbà. Ta ni ò mọ̀ pé kékeré ni ìjọ ńláńlá Èkó ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀bútè Mẹ́ta ni Bàbá Josiah Akindayomi ti dá ìjọ Ìràpadà (Redeemed) sílẹ̀ ní 1952, pẹ̀lú ìwọ̀nba èèyàn. Ní 1973, olùkọ́ ìṣirò ni W. F. Kumuyi ní Yunifásítì Èkó nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ 15 wá ń bá a kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì nínú ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjọ Deeper Life ti ṣẹ̀. Owó tí onígbọ̀ngàn sì pè yóò gbá àpò wa mọ́ kí a tó wàásù ẹ̀ẹ̀kan. Mo ní ká wò ó, kí ló wà ládùúgbò tí ẹnikẹ́ni kì í lò lọ́jọ́ Àìkú?

Ilé-ìwé ni. Èmi àti pásítọ̀ lọ bá ìyá tó ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́yìn ilé wa. Màmá gbọ́ tiwa tán, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, owó kọ́ ni mo fẹ́. Òrùlé kíláàsì àwọn jẹ́lé-ó-sinmi ń jò. Ẹ bá mi tún un ṣe, kí ẹ máa lo ibẹ̀ títí ọdún yóò fi yípo.” Pásítọ̀ dọ̀bálẹ̀. Káfíńtà wà láàárín wa, nítorí náà páànù, pákó àti ìṣó nìkan la rà. Màmá fi kún un pé kò gbọdọ̀ sí ìsìn àìsùn, pé a gbọ́dọ̀ to àga padà bí a ṣe bá a, àti pé a ò gbọdọ̀ pa ohun tí tíṣà bá kọ sójú pátákó rẹ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tọ̀túntòsì fọwọ́ sí i. Ẹ má ṣe é lẹ́nu lásán o, kódà bí ẹ̀gbọ́n yín ló ni ilé-ìwé.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìjọba ló gba sùúrù jù. Ọ̀dọ̀ CAC (Corporate Affairs Commission, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ìjọ Àpọ́sítélì) la ti ń forúkọ ìjọ sílẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà wà báyìí. Orúkọ lẹ ó kọ́kọ́ wá. Ẹ mú tó méjì mẹ́ta dání, torí pé èyí tó bá ní “Ògo” tàbí “Ìṣẹ́gun” nínú, ẹlòmíì lè ti gbà á. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ọjọ́ 60 ni wọ́n fi ń bá yín tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé òfin ìjọ, mínítì ìpàdé tí ẹ ti yan àwọn trustee (àwọn tí òfin mọ̀ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó ìjọ àti ohun ìní rẹ̀), àti ìwé ìbúra wọn. Ẹ ó tún kéde nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 28.

Ibi tí mo rọ̀ yín kí ẹ dúró sí dáadáa ni yíyan trustee. Òfin ní kò gbọdọ̀ dín ní méjì, kò sì gbọdọ̀ sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 níbẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kó jẹ́ pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ nìkan. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ̀. A fi ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ báńkì sí i, àti mẹkáníìkì kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé kì í purọ́ iye owó páàtì. Ẹ rántí bí àwọn ìjọ ṣe pariwo nígbà tí CAMA, òfin tó de iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́, jáde ní 2020, torí apá 839 tó jẹ́ kí CAC lè dá àwọn trustee dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ tí ìwà àìtọ́ bá wà. Lójú tèmi, ẹni tí ìwé owó rẹ̀ mọ́ ò ní púpọ̀ láti bẹ̀rù níbẹ̀.

Ìwé CAC nìkan ò tó fún báńkì. Wọ́n béèrè ìwé ẹ̀rí SCUML, ìyẹn ẹ̀ka tó ń ṣọ́ owó tí kò mọ́ lábẹ́ EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó “ìrànlọ́wọ́” lórí rẹ̀. Láti ìgbà tí àkáǹtì ti ṣí, èèyàn méjì tí kì í ṣe ará ilé kan náà ló ń ka ọrẹ kí ìsìn tó tú ká. Lóṣooṣù, ìyá báńkì wa máa ń lẹ iye tó wọlé àti iye tó jáde mọ́ ara ilẹ̀kùn. Kì í ṣe pé owó pọ̀, ṣùgbọ́n ìdámẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra lẹ́yìn ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n lẹ̀ yẹn. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí wọ́n ní kí èèyàn fún Ọlọ́run àti kí ó rí i pé páànù ni wọ́n fi owó òun rà.

Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ lọ Alaba lọ ra sípíkà gíga. Mo béèrè pé ta ni yóò gbọ́ ọ, àwa tàbí onílé tó sún mọ́ wa? LASEPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, ti ti ìjọ púpọ̀ pa nítorí ariwo. Sípíkà kékeré méjì àti kíbọọ̀dù àlòkù la rà. Gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn aládùúgbò sì ń kí wa títí dòní.

Ní ti ìtẹ̀wé, ta ló tún ń wá ibòmíì nígbà tó wà ní Ṣómólú? Gbogbo òpópónà ló ní ẹ̀rọ. Ọ̀kan lára wọn fún wa ní ẹ̀dínwó torí pé a gbà kó fi bébà tó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ ẹlòmíì tẹ ìwé ìsìn wa; àwọ̀ rẹ̀ ò dọ́gba, ẹnikẹ́ni ò sì ráhùn. Ìwé orin Yorùbá àti Bíbélì tuntun díẹ̀ la lọ rà ní Bookshop House, Broad Street. Àlòkù làwọn ìyókù, láti ilé àwọn àgbà tí ojú wọn ò lè ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́.

Ohun tó fa èrò gan-an ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Tíṣà mẹ́ta wà nínú wa tí ọ̀sán Àbámẹ́ta wọn ṣófo, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC ní ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́, yálà Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì. A ò wàásù níbẹ̀. Àwọn òbí kọ́kọ́ ń dúró lẹ́nu géètì láti mú ọmọ wọn. Nígbà tó yá, àwọn kan ń wá ní Àìkú.

Ní báyìí, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá bá wa, èyí tó gbẹ̀yìn wà lọ́nà Ìkòròdú. Ọmọ onílẹ̀ ń fẹ́ ká san ìdajì owó kíá. Mo ní ó di ìgbà tí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ìjọba ní Aláùsá, kí a mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ ọ̀hún.