Bí A Ṣe Ń Kó Òǹkàwé Jọ Sórí Ìtàn-Àròsọ Yorùbá ní Àjàṣẹ́

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ níbí, púpọ̀ nínú àwa tí a ń sọ Yorùbá nílé ni ó jẹ́ pé èdè Faransé ni a fi kọ́ ìwé kíkà, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ kó àwọn òǹkàwé jọ sórí ìtàn-àròsọ Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ojú wọn lè má tètè dá ọ̀rọ̀ tí etí wọn ti mọ̀ láti kékeré mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé. Nàìjíríà ni a ti ń tẹ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, ẹ sì lè rán ẹni tí ó ń gba ẹnubodè Ìgolo kọjá sí Ìdiròkò pé kí ó bá yín rà á. Ẹ̀dà kan tó ènìyàn méjì bí ilé wọn kò bá jìnnà síra. Kí ẹ tó pín in, ẹ fi ìwé pélébé kan sínú rẹ̀ tí ó ṣàlàyé pé ẹ, ọ, ṣ àti p inú ìwé náà ni ɛ, ɔ, sh àti kp nínú álífábẹ́ẹ̀tì ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Bí ẹ̀dà náà bá ti pẹ́, bí irú àwọn ìwé Fágúnwà tí a tẹ̀ ṣáájú ìlànà àkọtọ́ ọdún 1974, ẹ fi kún un pé "nwọn" ni wọ́n, "aiye" sì ni ayé. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó pa ìwé dé ní ojú ewé kejì nítorí "nwọn" yìí nìkan, ó sì dùn mí, nítorí kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí kì bá má yé e bí ẹnì kan bá kà á sí i létí.

Fún ìpàdé oṣooṣù yín, ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ni ó rọrùn jù fún mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí ohùn rẹ̀ là ka ojú ewé méjì sókè láti ibi tí ìtàn ti gbóná jù lọ.

Ohun tí ó ń pa ìjíròrò ni kí àgbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí Bàbá Àlàájì bá ti wí pé ìyàwó inú ìtàn ni ó jẹ̀bi, ọmọ ogún ọdún wo ni yóò sọ níṣojú wọn pé ọkọ ni? Kí olùdarí tètè tọrọ àyè: "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín kọ́kọ́ sọ èyí tí ó yé wọn, kí ẹ wá bá wa tún un ṣe." Àgbà tí a bá bẹ̀ báyìí a máa fetí sílẹ̀ dáadáa.

Ẹ fi "ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí kọ́ wa?" sẹ́yìn pátápátá, nítorí bí ó bá ṣáájú, gbogbo ènìyàn yóò dáhùn bí ọmọ ilé-ìwé. Ẹ bèèrè ohun tí ènìyàn inú ìwé ṣe: kí ló dé tí ó fi padà sí ilé tí ó fi ìbínú kúrò? Ta ni ó purọ́, níbo ni ẹ sì ti fura sí i? Kí ẹni tí ó bá dáhùn ṣí ìwé síbẹ̀, kí ó kà á. Bí ẹnì kan bá yà sí Faransé tàbí Gùn, ẹ má dá a lẹ́kun. Kí ó parí, kí ẹlòmíràn tún un sọ ní Yorùbá.

Kí ẹ tó tú ká, ẹ yan ẹni tí yóò kàwé sókè ní oṣù tí ń bọ̀, kí ẹ sì fún un ní ìwé tí ẹ óò kà lóṣù náà lọ́jọ́ yìí gan-an, kí ó lè ráyè kà á sókè nílé lẹ́ẹ̀melòó kan.